Ta Ló Jókòó Sẹ́nu Ilẹ̀kùn 7070?

Ọjọ́rú, 24 oṣù kẹwàá

Afárá gbéra sókè láàárọ̀ yìí nítorí ọkọ̀ ojú omi kan tó rọra ń kọjá bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ìṣẹ́jú márùnlélógójì ni mo fi dúró sí ìhà Zarzouna pẹ̀lú gbogbo àwọn tó fẹ́ wọ ìlú. Nígbà tí mo dé kílíníìkì, Dókítà Zouhaier, ọ̀gá àgbà wa, ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Lamjed, ṣé afárá yẹn ló bí ọ ni? Ojoojúmọ́ lo máa ń kí i."

Mo ní ẹ má bínú, Dókítà. Kò mọ̀ pé mo ti ṣe iṣẹ́ wákàtí kan kí n tó dé. Láti oṣù keje ni mo ti ní ọ̀nà ẹ̀bùrú tèmi. Tí afárá bá ti gbéra, màá ṣí kọ̀ǹpútà alágbèéká mi ní ilé kọfí Bàbá Tijani, màá sì gba inú ètò kékeré kan tí mo fi pamọ́ wọ inú kọ̀ǹpútà kílíníìkì, bí ẹni pé orí àga mi ni mo wà. Mechmech ni mo pe ètò náà, orúkọ ológbò Màámi. Ológbò yẹn náà kì í gba ẹnu ọ̀nà wọlé láé.

Lọ́sàn-án, Àǹtí Mongia pè mí sí wọ́ọ̀dù ọkàn, ó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti yadi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti fi ṣe nọ́ọ̀sì, ó sì ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá aláìsàn tó lágídí sọ̀rọ̀.

"Kí lo ń kọ síbẹ̀ yẹn?"

"Mò ń bi í pé ta ló jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, Àǹtí."

"Ilẹ̀kùn wo? Ohun tí kò tó àpótí bàtà?"

"Ilẹ̀kùn inú rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta. Gbogbo wọn ló ní nọ́mbà. Ètò kan ṣoṣo ló lè jókòó sẹ́nu ọ̀kan. Bí ẹlòmíràn bá ti kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀, ìta lẹni tó ni ibẹ̀ máa dúró sí."

Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó tẹ orí síwájú, ó fi ìka tẹ̀ lé ìlà kan lórí kọ̀ǹpútà. "Nọ́mbà ilẹ̀kùn. Èyí ńkọ́?"

"Nọ́mbà iṣẹ́ ètò náà. Èyí tó kẹ́yìn lorúkọ rẹ̀."

"Ilẹ̀kùn, iṣẹ́, orúkọ. Ó yé èèyàn ju ìwé àwọn dókítà lọ. Ó dáa, bá mi bi í pé ta ló jẹ yóógọ́ọ̀tì mi nínú fìríìjì."

"Kò mọ ilẹ̀kùn fìríìjì, Àǹtí."

"Kò wúlò nígbà náà. Dá a padà fún àwọn tó tà á."

Èmi ni mo jẹ yóógọ́ọ̀tì náà. Ìwé yìí nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún.

Ọjọ́ Ẹtì, 26 oṣù kẹwàá

Òjò. Ata pupa ti di dínárì mẹ́rin kílò kan. Màámi bú ọlọ́jà títí ó fi fún un ní ẹ̀yọ méjì lé e.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 oṣù kẹwàá

Ìjì burúkú. Wọ́n ti afárá pa fún ọkọ̀ gbogbo nítorí atẹ́gùn, nítorí náà ilé ni mo wà. Iná lọ ní gbogbo Bizerte ní aago kan ààbọ̀. Kílíníìkì fi fóònù sọ fún mi pé ó gba ẹ̀rọ amúnáwá wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́rin kó tó gbéra, gbogbo kọ̀ǹpútà sì ti kú, wọ́n ti jí.

Mo wọlé láti orí ibùsùn mi, Mechmech sì dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo kọ́ ètò yìí ní ìwà dáadáa: 7070 ni ilẹ̀kùn tí mo yàn fún un, ṣùgbọ́n bó bá bá ẹnì kan níbẹ̀, kó má jà, kó lọ sí 7071. Láti oṣù keje, 7071 ló ń gbé bí ayálégbé. Lónìí, 7070 ló ti dá mi lóhùn. Ó ti dé yàrá tirẹ̀. Mo fún un ní ìkíni, mo sì fún ológbò gidi ní sàdínì.

Ọjọ́ Ajé, 29 oṣù kẹwàá

Bàbá Hattab, apẹja orí ibùsùn kẹrin, kú lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ní aago méjì kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Ọkàn rẹ̀ dúró. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni, ọjọ́rú yìí ló yẹ kó lọ sílé.

Àǹtí Mongia nìkan ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní inú yàrá ẹ̀yìn lòun wà, òun ń wẹ ìyá arúgbó kan, òun sì ti ilẹ̀kùn nítorí ìtìjú ìyá náà, ṣùgbọ́n òun fetí sí aago ìkìlọ̀ orí tábìlì nọ́ọ̀sì, èyí tí kọ̀ǹpútà máa ń mú dún bí ọkàn aláìsàn bá dúró. Ó ní aago náà kò dún. Àwọn tó ta aago ìkìlọ̀ fún wa wá lánàá, wọ́n pa kọ̀ǹpútà, wọ́n tàn án padà, wọ́n dán an wò. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni wọ́n dán an wò, ẹ̀ẹ̀mẹwàá ló dún.

Ó sùn nìyẹn. Mo mọ bó ṣe máa ń jẹun ọ̀sán, abọ́ kúskúsì tó tó orí mi. Ẹni tó bá jẹ irú ìyẹn tán tí kò sùn, àlùjọ̀nnú ni. Kí ló dé tí kò kàn jẹ́wọ́? Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ń tẹnu mọ́ ọn pé aago kò dún, aago kò dún, bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀ pẹ̀lú epo lẹ́nu.

Ọmọkùnrin Hattab wá lónìí láti gba aṣọ bàbá rẹ̀. Ó pàdé Àǹtí Mongia níwájú ẹ̀rọ agbéniròkè, ó sì tutọ́ sí i lójú. Èmi náà wà níbẹ̀. Mo wo bàtà mi.

Ọjọ́bọ̀, 1 oṣù kọkànlá

Wọ́n ti gbé Àǹtí Mongia sínú fìríìjì. Bí a ṣe ń pè é níbí nìyẹn. Wọ́n gba aṣọ iṣẹ́ lára rẹ̀, wọ́n fún un ní àga oníke kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ agbéniròkè, kó jókòó síbẹ̀ láti aago mẹ́jọ títí di aago mẹ́rin, láìṣe nǹkan kan. Kò gbọdọ̀ mú fóònù dání, kò gbọdọ̀ hun òwú. Gbogbo ẹni tó bá ń lọ sókè gbọ́dọ̀ rí i. Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí ni ìgbìmọ̀ máa jókòó lé e lórí. Bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, kò sí owó ìfẹ̀yìntì tó ku ọdún méjì péré kó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ikú Hattab yóò sì bá a dé ilé ẹjọ́.

Bí mo ṣe ń kọjá, ó ní, "Lamjed, káàárọ̀ o. Ṣé Khadouja ń ṣe dáadáa?"

Mo ní Màámi wà. Ó ń kí èèyàn láti orí àga ìtìjú bí ẹni jókòó sí gbọ̀ngàn rẹ̀. Ó bí mi nínú, mi ò mọ ìdí rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 oṣù kọkànlá

Kílò sùgúgù kan, hóró igi páìnì tí a fi ń se asidá, ògì aládùn ọdún, ti di dínárì mẹ́rìndínlógójì, Mọ́lídì, ọjọ́ ìbí Ànábì, sì ku ọ̀sẹ̀ méjì. Màámi ní tí ó bá tiẹ̀ jẹ́ pé òun máa jí i ni, a máa jẹ asidá dúdú lọ́dún yìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 oṣù kọkànlá

Màá gbìyànjú láti kọ ọ́ létòlétò.

Òjò rọ̀ láti ìdájí. Ní aago mọ́kànlá iná lọ, iná dé. Mo wà ní wọ́ọ̀dù ọkàn, mò ń pààrọ̀ àtẹ bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà wọn, nígbà tí okùn já kúrò ní àyà aláìsàn orí ibùsùn kejì. Ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀ ń han wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Aago orí tábìlì yẹ kó pariwo débi tí wọ́n á gbọ́ ọ lójà ẹja. Kò dún. Iná àwọ̀ ewé tó ń sọ pé ara rẹ̀ le ṣì ń tàn.

Nọ́ọ̀sì kékeré tó rọ́pò Àǹtí Mongia sáré lọ so okùn náà padà. Kò tiẹ̀ fura. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo bi í ní ìbéèrè tí mo máa ń bi í: ta ló jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn wo? Mo wá ilẹ̀kùn aago ìkìlọ̀ nínú ìwé àwọn tó tà á fún wa. 7070 ni. Mo wo orí kọ̀ǹpútà.

7070. 3312. mechmech.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Mo rántí ọjọ́ náà ní oṣù keje. Mo wo gbogbo ilẹ̀kùn, mo rí i pé 7070 ṣófo, nọ́mbà tó rọrùn láti rántí, mo sì kọ ọ́ sínú ètò mi. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n pa ètò aago ìkìlọ̀ fún wákàtí méjì kí wọ́n lè tún un ṣe. Mo wo ilé onílé nígbà tí onílé jáde lọ ra búrẹ́dì, mo ní ilé náà kò ní onílé. Ẹnikẹ́ni tó ti ṣe iṣẹ́ yìí fún oṣù mẹ́ta mọ̀ pé ilẹ̀kùn tó ṣófo lónìí kì í ṣe ilẹ̀kùn tí kò ní onílé. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti fi ṣe é.

Lọ́jọ́ tí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé, ètò aago ìkìlọ̀ ló ti jókòó síbẹ̀ tipẹ́, Mechmech á gba ibòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ tó sì dé, gbogbo wọn jọ ń jí ni. Ètò aago wúwo, ó máa ń pẹ́ kó tó dìde. Mechmech fúyẹ́, kíá ló máa ń sáré jókòó. Lọ́jọ́ tí àwọn tó tà á wá dán an wò, ọwọ́ ni wọ́n fi kọ́kọ́ jí ètò aago kí Mechmech tó dìde, ìdí nìyẹn tó fi dún. Ètò aago á dé, á bá èèyàn níjòókòó rẹ̀, á sì dúró síta láìwí nǹkan kan. Iná àwọ̀ ewé yẹn ń sọ pé ó wà láàyè. Kò sọ bóyá ó wà níbi iṣẹ́ rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà máa ń kọ ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo ṣí ti ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù tó kọjá. Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n: mechmech jókòó sẹ́nu 7070. Ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn náà: wọ́n dá aago ìkìlọ̀ padà, ilẹ̀kùn ti ní ẹni. Wákàtí kan ó lé ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn náà, Hattab kú. Èmi sì wà lórí ibùsùn mi, mò ń kí ètò mi kú oríire. Ó wà nínú ìwé yìí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ kà á.

Mo pa Mechmech, mo yọ ọ́ kúrò pátápátá. Mo jí ètò aago, ó dún. Ṣùgbọ́n kí n tó pa á, mo tẹ ojú ìwé ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n yẹn jáde, mo ká a sínú àpò.

Mo sọ̀kalẹ̀. Àǹtí Mongia wà lórí àga rẹ̀.

"Lamjed, ojú rẹ funfun. O ò tíì jẹun, àbí? Mo ní ọsàn kan nínú báàgì."

Mo gba ọsàn náà. Kí ni kí n ṣe?

Ọjọ́ Ajé, 12 oṣù kọkànlá

Mo lọ bá Dókítà Zouhaier. Láti ọjọ́ Ẹtì ni mo ti ń sọ fún ara mi pé tí mo bá ti jókòó, màá sọ gbogbo rẹ̀.

Mo ní, "Dókítà, lọ́jọ́ tí Hattab kú, aago ìkìlọ̀ kò dún lóòótọ́. Ètò kan jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀. Àǹtí Mongia kò parọ́."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ètò wo?"

"Ètò kékeré kan."

"Ta ló ni í?"

Ibí ni ó yẹ kí ẹnu mi ti là. Mo ní, "Mi ò tíì mọ̀, Dókítà."

Ó bú sí ẹ̀rín, kì í ṣe ẹ̀rín inú dídùn. "Wò ó, Lamjed. Ẹ̀rọ kì í lọ sílé ẹjọ́. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló ṣẹ̀, èmi ni wọ́n máa mú, wọ́n á ti ibí pa, èèyàn ọgọ́rin á sì wà nílé, ìwọ náà wà lára wọn. Tó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì ló sùn, nọ́ọ̀sì kan ló máa lọ sílé. Ìwọ tó o mọ ìṣirò, bá mi ṣe é."

"Ṣùgbọ́n kò sùn, Dókítà."

"Ta ló bi ọ́ bóyá ó sùn?" Ó ti ń pariwo. "Mo ní ṣé o mọ ìṣirò! Tàbí kí n wá ẹni tó mọ̀ ọ́n?"

Ó ti ìwé kan sí mi. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀: èmi Lamjed, mo jẹ́rìí pé aago ìkìlọ̀ wọ́ọ̀dù ọkàn wà ní pípé lọ́jọ́ náà. Ó fún mi ní pẹ́ẹ̀nì tirẹ̀.

Mo fọwọ́ sí i.

Kí n tó dìde, ó ti sọ mí di olórí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà. Èmi nìkan ni mo wà ní ẹ̀ka náà. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

Ọjọ́rú, 14 oṣù kọkànlá

Afárá kò gbéra rárá lónìí. Mo dé lásìkò. Àǹtí Mongia kí mi láti orí àga, mo dá a lóhùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 oṣù kọkànlá. Mọ́lídì

Màámi rí sùgúgù rà, ó ní kí n má bi òun ní iye tí òun rà á. Láti àná ló ti ń lọ̀ ọ́, tó ń sẹ́ ẹ, tó ń rò ó lórí iná títí ó fi dúdú tó sì ń dán. Ó da ìpara funfun lé e, ó fi álímọ́ńdì àti èso pupa ya òdòdó sí ojú rẹ̀. Mo ti ṣèèṣì sọ ọ̀rọ̀ àga oníke yẹn fún un. Ó gbé àwo ìgbéyàwó rẹ̀ jáde, èyí funfun tó ní ẹja búlúù nínú, ó bu asidá sí i títí dé etí.

"Gbé e lọ fún Mongia. Kó má rò pé gbogbo ayé ti kọ òun."

Mo ní mo ní iṣẹ́. Ó wò mí bí ìyá ṣe máa ń wo ọmọ, mo wọ bàtà.

Ẹ̀yìn èbúté àtijọ́ ni Àǹtí Mongia ń gbé, yàrá méjì. Nígbà tó rí mi pẹ̀lú àwo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní láti ọjọ́ yẹn, àwọn aládùúgbò òun kò gbé àwo wá mọ́. Ó fà mí wọlé, ó fi mí sórí àga tó dára jù.

"Akọ̀wé Dókítà sọ ohun gbogbo fún mi. Ó ní o wọlé lọ bá a nítorí mi, ó ní o sọ fún un pé ètò kan ló gba ilẹ̀kùn aago, ó sì pariwo mọ́ ọ. Lamjed, gbogbo kílíníìkì yẹn, ìwọ nìkan. Ìwọ nìkan!"

Akọ̀wé kò gbọ́ ìgbà tí mo fọwọ́ síwèé. Fífọwọ́ síwèé kì í dún.

"Ètò yẹn," ó ní, "ta ló ni í?"

"A ń wá a, Àǹtí."

"Tó o bá rí i, wá sọ fún mi. Mi ò ní bá a jà. Mo kàn fẹ́ wo ojú rẹ̀ ni."

Mo wà níwájú rẹ̀. Ó ń wo ojú náà.

Ọjọ́bọ̀, 22 oṣù kọkànlá

Àǹtí Mongia wọ ọkọ̀ kọjá afárá lẹ́yìn aago mẹ́rin, láti orí àga rẹ̀ tààrà, kó lè dá àwo Màámi padà. Mákúrúdù, àkàrà aládùn, ló kún un, wọ́n ń kán oyin. Màámi pe aládùúgbò méjì kí wọ́n wá rí i: èyí ni obìnrin tó mọ ìwà, àwo kì í ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bọ̀ lófìfo.

Wọ́n jókòó mu tíì. Ológbò dé, ó ń fi ara nu ẹsẹ̀ àlejò.

"Mechmech, fi Àǹtí sílẹ̀!" Màámi lé e. "Àfojúdi ni. Ibikíbi tó bá rí tó ṣófo, á jókòó síbẹ̀. Ẹ ò lè gbé e dìde."

Àǹtí Mongia rẹ́rìn-ín, ó gbé e lé itan. "Mechmech. Orúkọ rẹ dùn, ìwọ olè yìí."

Màámi jẹ mákúrúdù mẹ́ta. Mo fi ọ̀kan sẹ́nu, mo lọ tu ú dà sẹ́yìn ilé.

Ọjọ́ Àìkú, 25 oṣù kọkànlá

Ọ̀la ni ìgbìmọ̀.

Àwọn àgbà ní àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti fi ṣe àṣepamọ́, mi ò lè jẹun, mi ò lè wo ológbò lójú. Láàárọ̀ yìí mo ní kí Màámi yá mi ní àwo ẹlẹ́ja náà. Ó rò pé mo fẹ́ fi oúnjẹ sí i. Mo tẹ́ ojú ìwé tó ti ń gbé inú àpò mi láti ọjọ́ kẹsàn-án sínú rẹ̀, mo fọwọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀, mo fi aṣọ ìnuwọ́ bò ó.

Inú Àǹtí Mongia dùn nígbà tó rí àwo lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. "Khadouja yìí á pa mí!" Ó ṣí aṣọ. Ó wo ìwé, ó wò mí, ó lọ mú awò ojú rẹ̀ wá.

Mi ò ní láti ṣàlàyé. Èmi fúnra mi ni mo kọ́ ọ. Ìka rẹ̀ tẹ̀ lé ìlà náà, ẹnu rẹ̀ ń mì. "Ilẹ̀kùn. 7070. Iṣẹ́." Ó dúró. "Orúkọ."

Ó gbé orí sókè.

"Ológbò yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí."

"Tìrẹ ni."

"Tèmi ni. Mo tún fọwọ́ síwèé fún Dókítà pé aago náà le. Mo mọ̀ pé irọ́ ni nígbà tí mo ń fọwọ́ sí i."

Mo ti múra sílẹ̀ fún ariwo. Ì bá dára kó gbá mi létí. Ohùn rẹ̀ kò tiẹ̀ gbéra.

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ kẹsàn-án."

"Ọjọ́ tí mo fún ọ ní ọsàn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ojoojúmọ́ lo ń kọjá níwájú mi. Mò ń kí ọ. Mò ń bi ọ́ léèrè ìyá rẹ." Ó bọ́ awò ojú, ó nu ún sí etí aṣọ rẹ̀. "Ọmọ Hattab tutọ́ sí mi lójú, mo ní ìbànújẹ́ ló ń ṣe é. Ìwọ, kí ló ń ṣe ọ́?"

Mo na ọwọ́ sí àwo náà.

"Fi àwo sílẹ̀," ó ní. "Jáde."

Ọjọ́ Ajé, 26 oṣù kọkànlá

Èèyàn márùn-ún ló jókòó. Àǹtí Mongia gbé ìwé náà kalẹ̀, ó sì ka ìlà náà fún wọn bí olùkọ́. Wọ́n pè mí wọlé. Mo sọ ọ́ tán: oṣù keje, 7070, ọjọ́ ìjì, ibùsùn mi.

Dókítà Zouhaier fa ìwé ọjọ́ kejìlá jáde. "Ọwọ́ rẹ nìyí, ọwọ́ rẹ nìyẹn. Nínú ọwọ́ méjèèjì, èwo ni òpùrọ́?"

Mo ní, "Èyí tí mo fi pẹ́ẹ̀nì yín kọ."

Ó ti pẹ́ẹ̀nì rẹ̀ bọ àpò.

Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fi gbèrò. Wọ́n dá Àǹtí Mongia láre, kó gba aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́la. Ní tèmi, kí n kó ẹrù mi kí n tó jáde, àwọn ọlọ́pàá á sì fẹ́ rí mi àti Dókítà lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀.

Ọmọ Hattab wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹnì kan ti sọ fún un. Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, mo pa ojú dé, mo gbé ojú náà sókè fún un kó lè rí i tutọ́ sí. Nǹkan kan kò dé. Nígbà tí mo la ojú, ó ti kọjá mi, ó ń fi ẹnu ko orí Àǹtí Mongia, àwọn méjèèjì ń sunkún. Àga oníke ṣì wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kò sẹ́ni tó wò mí.

Ọjọ́rú, 28 oṣù kọkànlá

Mi ò tíì sọ fún Màámi. Mo ní ìsinmi ni wọ́n fún mi, ó sì gbà mí gbọ́, nítorí mo ti di olórí ẹ̀ka.

Ní ọ̀sán yìí, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Mo wà nínú yàrá, mo gbọ́ ohùn Àǹtí Mongia, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó kí Màámi dáadáa. Màámi ní kó wọlé wá mu tíì, Àǹtí Mongia ní òun ní iṣẹ́ ní aago mẹ́ta. Ilẹ̀kùn padé.

Ó pẹ́ kí Màámi tó wọlé. Ó gbé àwo náà dání. Ó mọ́, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti nù ún gbẹ, ẹja búlúù rẹ̀ ń dán. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Kò sí hóró álímọ́ńdì kan, kò sí ewé míǹtì, kò sí iyọ̀.

Ó ní, "Ọdún méjìdínlógójì ni mo ti ní àwo yìí. Kò padà wá sílé báyìí rí, kódà lọ́dọ̀ àwọn tí a bá jà." Ó gbé e ka iwájú mi lórí tábìlì, ó fa àga, ó jókòó. "Kí lo ṣe fún obìnrin yẹn?"

Mo gbọ́ fèrè afárá. Ọkọ̀ ojú omi ń bọ̀, wọ́n ti ń gbé e sókè.

Mechmech fò gun tábìlì, ó gbóòórùn àwo náà, kò rí nǹkan kan, ó sì jókòó sínú rẹ̀. Màámi kò lé e. Ó ń wò mí, ó ń dúró.